Ìmọ̀ Ojú Ọjọ́: Láti Ọwọ́ Àwọn Atukọ̀ Lárúbáwá Dé Etí Ọ̀sà Wa

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù ní Ìkòròdú, ìyá kan dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Wọ́n ní, "Áfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yín yìí." Ọmọ náà ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì ní Àkúrẹ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́. Iṣẹ́ dókítà ni ó kọ́kọ́ béèrè fún, máàkì rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iṣẹ́ dókítà tí ó bọ́ ni ó ń dun ìyá náà. Wọ́n ní, "Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la, ṣé kò ti máa bá Ọlọ́hun du iṣẹ́ Rẹ̀? Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀, òjò ni wọ́n ń dá dúró níbi ìnáwó kí Ọlọ́hun tó fi ọ̀nà Ìsìláàmù mọ̀ wọ́n. Ṣé ibi tí a ti kúrò náà ni ọmọ yìí tún fẹ́ padà sí ni?"

Àlàyé tí mo ṣe fún ìyá náà lọ́jọ́ yẹn kò gùn, nítorí pé oòrùn ti mú, wọ́n sì ní ọjà láti lọ. Ohun tí n kò ráyè sọ tán ni mo fẹ́ kọ síbí. N kò gbà pé ìyá yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bà lẹ́rù.

Ohun tí wọ́n dì mú kì í ṣe irọ́. Ní ìparí Súrà Luqmān, Ọlọ́hun ka òjò mọ́ àwọn ohun tí ìmọ̀ wọn pátápátá wà ní ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Ní Hudaibiya, ní ọdún kẹfà Híjírà, lẹ́yìn òru kan tí òjò rọ̀, Ànọ́bì kọ́ àwọn Sàhábà pé ẹni tí ó bá ní ìràwọ̀ kan ni ó fún òun ní òjò ti kọ̀yìn sí Ẹni tí ó ni òjò. Èyí yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ọ̀rọ̀ kejì. Ní ọdún 632, ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànọ́bì kú, oòrùn wọ̀ òòkùn lójú ọ̀sán. Àwọn ènìyàn ní oòrùn ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ náà. Bàbá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gan-an ni ó dá wọn lẹ́kun, tí ó ní oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ wa pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lókè ní ètò tí Ọlọ́hun fún un. Kò tẹ̀lé ìbànújẹ́ wa, kò sì gba rìbá lọ́wọ́ wa.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí ń gba owó láti dá òjò dúró ń sọ pé òjò ń gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Onímọ̀ ojú ọjọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí òun ń sọ ni pé òun ti wọn afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀, òun ti wọn ọ̀rinrin tí ó wà nínú rẹ̀, òun sì ti wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ṣáájú òun. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ nígbà 10, tí òjò rọ̀ nígbà 8, yóò sọ 8, kò sì ní fi 2 tí ó kù pa mọ́. Nínú àyọkà Súrà Luqmān kan náà ni Ọlọ́hun ti mẹ́nu ba ohun tí ó wà nínú ilé-ọmọ. Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tí ó bá agbẹ̀bí jà nítorí pé ó wo aboyún tí ó sì ní kí wọ́n lọ di ẹrù ìkúnlẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ìgbà àtijọ́ kò bẹ̀rù ìmọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi ń pe afẹ́fẹ́ ńlá tí ń mú òjò wá, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní monsoon, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti jáde: mawsim, èyí tí ó túmọ̀ sí àsìkò. Òun náà ni wọ́n ń lò fún àsìkò Háájì. Àwọn atukọ̀ Lárúbáwá tí ń ná ọjà láàárín ilẹ̀ wọn, Íńdíà àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ ń fẹ́ sí apá kan fún oṣù mélòó kan, tí yóò sì yí padà sí apá kejì. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ ju àsìkò lọ ní èbúté, ó di ọdún mìíràn kí ó tó rí afẹ́fẹ́ gbé e padà sílé. Ní nǹkan bí ọdún 1490, Ahmad ibn Majid, ọmọ Julfar ní etí òkun ilẹ̀ Lárúbáwá, kọ ìwé ńlá kan fún àwọn atukọ̀, Kitab al-Fawa'id, nínú èyí tí ó ti to àkókò tí ó yẹ kí ọkọ̀ gbéra láti èbúté kan dé òmíràn gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dín kù nítorí pé ó mọ ọjọ́ afẹ́fẹ́.

Ṣáájú rẹ̀ ni Kamal al-Din al-Farisi, ará Páṣíà, ti wá ìdí òṣùmàrè. Ó rọ omi sínú ìgò róbótó, ó gbé e sínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wọlé. Ìgò náà dúró fún ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ bí ó ti ń wọlé, ó ń ta padà nínú omi, ó sì tún ń tẹ̀ bí ó ti ń jáde, ibẹ̀ ni àwọ̀ ti ń yọ. Ìwé Ibn al-Haytham lórí ìmọ́lẹ̀ ni ó gbé ka iwájú nígbà tí ó ṣe èyí. Ọdún 1319 tàbí àyíká rẹ̀ ni ó kú. Ìgò àti omi: ohun tí ọmọ ilé-ìwé ní Ìkòròdú lè rí lò lónìí ni.

Afẹ́fẹ́ tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà ń jẹ́ orúkọ mawsim yìí. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó pín ọdún wa láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń ti Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, ó ní eruku, òun ni ọyẹ́. Èkejì ń ti òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, ó tutù, ó sì kún fún omi. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kìíní, ó máa ń sún mọ́ etíkun wa. Ní oṣù Kẹjọ, yóò ti jìnnà sí àríwá, yóò ti kọjá Kánò àti Niamey wọ inú aṣálẹ̀. Òjò ń tẹ̀lé e lọ, ó sì ń bá a bọ̀. Ìdí nìyí tí Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi ń rí òjò ńlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní oṣù Kẹfà, àti ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Láàárín méjèèjì ni ọ̀dá kékeré tí a ń pè ní August break wà. A. W. Ireland kọ nípa ọ̀dá kékeré yìí ní 1962, iṣẹ́ àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ti fi hàn pé omi òkun tí ó máa ń tutù ní ìhà Gánà àti Togo ní àsìkò náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Omi tútù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbéra sókè dáadáa, afẹ́fẹ́ tí kò gbéra kò sì lè di òjò ńlá.

Kì í ṣe ìwé ni àwọn ará etí ọ̀sà fi kọ́kọ́ mọ èyí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Èkó ni ó bá a lọ, Òṣòdì Tápà sì wà nínú àwọn ìjòyè rẹ̀. Nípasẹ̀ wọn ni Ìsìláàmù fi rinlẹ̀ sí i ní Ẹ̀pẹ́, títí di òní ni a sì ń gbọ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, 1854. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, orí ọ̀sà ni òwò àti ìròyìn ń gbà. Ẹni tí ó ń gbé irú ibẹ̀ kò lè ṣàì mọ ìgbà tí ìlà-oòrùn bá dúdú, tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ lójijì, tí gbogbo apẹja sì ń tu ọkọ̀ wọn bọ̀ ní ebùtè. Ìmọ̀ gidi ni. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé orí nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí àgbà tí ó ní in bá kú, ó bá a lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni yunifásítì fi yàtọ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì mú ìwé náà gbòòrò ní ilẹ̀ wa. Ní 1936, ọkọ̀ òfuurufú Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí gbé lẹ́tà láti Khartoum gba Kánò wá sí Èkó. Awakọ̀ òfuurufú kò lè gbára lé àṣà. Ó fẹ́ mọ bí ìkùukùu ti ga tó àti ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí ní wákàtí tí ó fẹ́ bà. Ní 1937, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, láti 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun ń gbéra ní Takoradi ní Gánà, wọ́n ń gba Èkó àti Kánò kọjá lọ sí Íjíbítì. Láti inú àkọsílẹ̀ irú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni òyìnbó méjì, Hamilton àti Archbold, ti kọ àlàyé wọn lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1945. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń tọ́ka sí i.

Ohun kan wà nínú àlàyé náà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi etí sí. Ìjì ńlá wa, èyí tí ń ṣí páànù, kì í ti òkun wá bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀. Ó máa ń to ara rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ogun, láti ìhà òkè Kamẹrúùnù tàbí òkè Jọ́ọ̀sì, yóò sì máa rìn sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Òjò wẹliwẹli oṣù Keje ni ti òkun. Wàyí o, ìlà-oòrùn Ìkòròdú ni Ẹ̀pẹ́ wà, àárín wọn sì tó kìlómítà 50 bí ẹyẹ bá fò ó. Ìjì tí ó bá lu Ẹ̀pẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè kan Ìkòròdú ní aago márùn-ún, bí kò bá tú ká lọ́nà. Wákàtí kan tó fún ọkọ̀ ojú omi láti gúnlẹ̀ ní Ebùtè Ìkòròdú, ó tó fún ẹni tí ó wà ní Bayẹkú láti kó ọmọ rẹ̀ wọlé. Ẹni tí yóò wà ní Ẹ̀pẹ́ tí yóò wọn ìjì náà, tí yóò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kíákíá, ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Lẹ́yìn òmìnira, ọmọ Nàìjíríà ni ó gba iṣẹ́ náà. Òṣòdì ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ wà, ní àdúgbò tí ń jẹ́ orúkọ Òṣòdì Tápà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Àjọ àgbáyé fún ojú ọjọ́ sì fọwọ́ sí i fún kíkọ́ àwọn ará ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ìmọ̀ yìí ni Godwin Olu Patrick Obasi, ọmọ Ògòrì ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n bí ní 1933. Ó ka ìṣirò àti físíìsì ní McGill ní Kánádà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 1963, ó kọ́ni ní Nairobi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1984 títí di òpin 2003, òun ni Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ìgbà tirẹ̀, ní 1988, ni àjọ náà bá àjọ UNEP dá ìgbìmọ̀ IPCC sílẹ̀, àwọn tí gbogbo ìjọba ayé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn lórí ayípadà ojú ọjọ́. Ọmọ ìlú kékeré ni.

Ní àwọn yunifásítì wa, abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé àti físíìsì ni ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ sá sí. Oyediran Ojo ní Yunifásítì Èkó kọ The Climates of West Africa ní 1977; J. O. Ayoade ní Ìbàdàn kọ Introduction to Climatology for the Tropics ní 1983. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, wá fún un ní ẹ̀ka tirẹ̀. Láti 2012 ni àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń wá sí Àkúrẹ́ lábẹ́ ètò WASCAL, nítorí ojú ọjọ́ wa kan náà.

Kí ni ọmọ yóò máa ṣe níbẹ̀? Ìṣirò àti físíìsì ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn méjèèjì, kí ó má wulẹ̀ lọ. Yóò mọ àpótí funfun onígi tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń gbé tẹmómítà sí kí oòrùn má baà tàn án jẹ. Yóò mọ bí wọ́n ti ń jù bàlúùnù ńlá tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ sókè, tí yóò máa ròyìn ooru àti ọ̀rinrin títí yóò fi bẹ́. Yóò sì mọ agolo òjò. Ó dà bí ohun yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n mìlímítà kan òjò lórí ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan jẹ́ lítà omi kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, òjò tí ó rọ̀ ní Èkó lé ní mìlímítà 200, ó sì gba ẹ̀mí. Ẹ mú púlọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú, mítà 18 sí mítà 36. Mìlímítà 200 lórí rẹ̀ jẹ́ lítà 129,600, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200, dúrọ́ọ̀mù 648, lórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Bí a bá ti wá dí gọ́tà pa, ibo ni ó fẹ́ gbà?

Omi tí ó ń dà wá láàmú kì í sì í ṣe èyí tí ó rọ̀ lé wa lórí nìkan. Wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983. Omi rẹ̀ ń ṣàn bọ́ sínú odò Ògùn, odò Ògùn sì ń já sí ọ̀sà ní ìhà wa. Ní oṣù Kẹwàá, 2010, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀dá, wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò náà, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti àyíká rẹ̀. Oòrùn lè máa ràn ní Ajégúnlẹ̀ kí ìkún omi sì máa bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó ń wọn òjò lókè odò nìkan ni ó lè fi ọjọ́ mélòó kan ṣáájú sọ fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ní 2003 ni òfin dá àjọ NiMet sílẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀ka ìjọba kan ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, 2006, ọkọ̀ òfuurufú ADC já lulẹ̀ ní Àbújá, bí ó ti gbéra tán. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà nínú àwọn ènìyàn tó lé ní 90 tí ó kú. Ìwádìí ìjọba sọ pé inú ojú ọjọ́ tí kò dára, tí afẹ́fẹ́ ti ń yí ẹsẹ̀ padà lójijì, ni awakọ̀ ti gbéra. A mọ̀ pé ọjọ́ kò yẹ̀. A sì mọ̀ pé Ànọ́bì kò kọ́ wa pé kí á ju ara wa sínú ewu.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ìwádìí kan sí i, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti wáyé. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, 2016, àwọn onímọ̀ láti Jámánì, Faransé, Bìrìtéènì àti ilẹ̀ wa gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Ilé-Ifẹ̀ níbí, níbi tí àwọn ará Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń wọn afẹ́fẹ́ tipẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta ń gbéra ní Lomé. DACCIWA ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ìkùukùu rírẹlẹ̀ ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀, èyí tí a ń jí bá lárọ̀ọ́ àsìkò òjò, tí kò ní rọ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí oòrùn yọ títí di ọ̀sán. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tútù ń ti òkun wọlé lóru, ó sì ń sáré ní ìtòsí ilẹ̀ nígbà tí a bá ń sùn. Òtútù rẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀rinrin di ìkùukùu kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó kan ẹni tí ń sá ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó kan ẹni tí ó fi páànẹ́lì oòrùn sórí ilé. Ọ̀rọ̀ ìkùukùu tilẹ̀ kan ààwẹ̀ wa: ó lè mú kí á ka oṣù pé 30 nígbà tí Ramadan bá bọ́ sí àsìkò òjò.

Èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí, ọmọ ìyá náà ni ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ ti Ṣábẹ̀ẹ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ gbà kí ó lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kó àdéhùn méjì lé e lọ́wọ́: kí ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí bí ó bá ti dé Àkúrẹ́, kí ó sì máa fi "bí Ọlọ́hun bá fẹ́" síwájú gbogbo òjò tí ó bá fẹ́ sọ pé yóò rọ̀. Ọmọ náà ní òun ti ń ṣe èkejì tipẹ́.